Ọjọ́ Tí Tíṣà Ránṣẹ́ Pe Ìyá Hidayat

Ẹ dúró ná. Ohun yòówù kí ẹ máa ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìtàn Aunty Clara. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ ó máa rò pé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìtàn olókìkí o. Orúkọ obìnrin náà ò jáde nínú ìwé ìròyìn rí, wọn ò sì pè é sórí tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà ni. Clara Oyèṣọlá lorúkọ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòsì, gbogbo wọn sì ń pè é ní Aunty Clara, títí kan àwọn ọmọkùnrin tó ti ga jù ú lọ.

Ọmọ Ṣakí ni. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní kátíkísìmù níbẹ̀, ọkùnrin tí ẹ̀rín ẹ̀ wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Bí Clara bá gba ipò kìíní wálé, bàbá á wo ìwé náà, á gbé e sórí tábìlì, á ní kó lọ pọnmi. Ó di ìgbà tí Clara bá wà lẹ́yìnkùlé kó tó gbọ́ tí bàbá ń fi í yangàn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀. A kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀, ohun tí bàbá gbà gbọ́ nìyẹn, ohun tí Clara gbé wá sí Èkó náà nìyẹn. Ó dé Èkó, ó rẹ́ǹtì yàrá kan ní Aláápẹ́rẹ̀, ó ríṣẹ́ tíṣà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò là rí láti yin ọmọ kankan. Ìwé ọmọ tó bá mọ̀wé jù ló máa ń fi bírò pupa fín jù. Àwọn ọmọ ní ó le. Wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n bá ti lọ tán, òun náà á gbé ìwé wọn fáwọn tíṣà yòókù, á ní, ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí kọ.

Lọ́dún 2005 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà lè rò pé ọjà lòun wọ̀. Kíláàsì kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọmọ. Bẹ́ǹṣì tó yẹ ọmọ mẹ́ta, márùn-ún ló wà lórí ẹ̀, àwọn tó bá pẹ́ dé á gun ojú fèrèsé jókòó. Bí òjò bá ṣú, wọ́n ti mọ igun tí òrùlé ti ń jò, wọ́n á rọ́ sí igun kejì, ẹ̀kọ́ á máa bá a lọ. Àwọn ọmọ Agboyi á ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n á ká ṣòkòtò dé orúnkún, bàtà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Mile 12 á gbé òórùn tòmátì wọlé, nítorí kójú tó mọ́ lọkọ̀ Òkè Ọya ti ń já ẹrù, ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá sì ń ta ata ò sí lórí ẹní ní irú àsìkò yẹn. Wọ́n á ṣiṣẹ́ àgbà tán kí wọ́n tó wá ṣe ọmọ ilé ìwé. Síbẹ̀ náà, àwọn ọmọ yìí lópọlọ! Orí wọn pé débi pé inú èèyàn á máa dùn, ọkàn ẹ̀ á tún máa gbọgbẹ́.

Nítorí kí ni? Nítorí èsì ìdánwò wọn. Lọ́dún yẹn, wọ́n pe gbogbo pírínsípà ẹkùn ẹ̀kọ́ náà jọ, Kosofe, Ṣómólú, títí dé Ìkòròdú, wọ́n sì ka èsì WAEC ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sétígbọ̀ọ́ ara wọn. Yunifásítì kan kì í wo ojú ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ti Ìkòsì, àwọn tó ní in ò ju ohun tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Pírínsípà wọn, Ọ̀gá Ọládipúpọ̀, gbé ojú wálé bí ẹni tó ti òkú bọ̀. Ó kó àwọn tíṣà jọ, ó ní èyí tí wọ́n bá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sọ ọ́.

Aunty Clara ló dìde. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn òwúrọ̀, ẹ̀kọ́ àfikún kí agogo tó lù, lọ́fẹ̀ẹ́. Òun á máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá Ọládipúpọ̀, tó jẹ́ tíṣà Ìṣirò kó tó di pírínsípà, ní òun á gba Ìṣirò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n ní ta ló máa jí wá. Àmọ́ àwọn ọmọ wá. Kò pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó wá ń pọ̀ sí i.

Ohun kan ṣì wà tó burú ju òrùlé tó ń jò lọ. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa sípẹ́ṣà sẹ́ńtà. Bí ọmọ bá ti wọ SS3, tí àkókò àti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC bá ti ń sún mọ́, àwọn kan á wá bá òbí ẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà nínú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n á ti máa kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. Ní Ketu, Tòkunbọ̀ ló ń ṣe é. Ọmọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni, ó fi fóònù méjì há ìbàdí, ó ní ibi tó ti ń ṣe lẹ́sìn lókè ilé kan. Ohun tó máa ń sọ fáwọn ìyá ọlọ́mọ kò le rárá: "Mummy, ọmọ yín á kàn di bírò mú ni. Ìdáhùn á wá bá a níbi tó jókòó sí." Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí ò ní yọ̀? Bí ọmọ kan tó mọ̀wé bá ti lọ, àwọn yòókù á ní bí lágbájá tó mọ̀wé tó yìí bá lè lọ, kí làwọn ń dúró ṣe. Gbogbo kíláàsì á wá dà bí oko tí wọ́n ti kórè.

Lọ́dún yẹn, ẹni tí gbogbo wọn ń wò ni Hidayat.

Ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ni, Àbẹ̀kẹ́ aláta Mile 12. Ọmọbìnrin tínínrín, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan lóṣù kọkànlá, Aunty Clara ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa òwúrọ̀ ní àdúgbò wọn. Hidayat kọ nípa tírélà tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òkè Ọya. Ó kọ bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe máa ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, bí eruku ọ̀nà ṣe máa ń bò ó bí aṣọ tó wọ̀ wá láti ìlú mìíràn, bí ìyá òun ṣe máa ń ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgúnpá láti mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ ti rọ̀, tí kò ní fojú wò ó rárá. Aunty Clara kà á tán, ó tún un kà, omi lé sí i lójú. Ó ti ń kọ́ni tipẹ́, kò rí irú ẹ̀ rí.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Hidayat kì í bá lẹ́sìn òwúrọ̀. Ẹrù àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kì í jẹ́. Ìgbà tó bá fi máa bá ìyá ẹ̀ já apẹ̀rẹ̀ tán, Ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣáájú ti parí. Aunty Clara rò ó pé bí òun bá rí ìyá náà sójú, tí òun sọ fún un irú ọmọ tó bí, kò sí bí kò ṣe ní yọ̀ǹda ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tú ká, ó pe Hidayat, ó ní, "Sọ fún Mummy ẹ pé mo fẹ́ rí wọn lọ́jọ́ Ajé."

Ọmọ náà wò ó. "Aunty, kí ni mo ṣe?"

"Ṣáà jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ẹ."

Ó yára yíjú kúrò kí ọmọ náà má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu òun. A kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀, àbí? Ìyá ni kó gbọ́ ọ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kosofe, ara yín ti ń bù máṣọ báyìí, torí ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí forí lé. Wọn kì í ránṣẹ́ pe òbí fún ire. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ lọ mú ìyá ẹ̀ wá, ó ti jalè, ó ti fọ́ ọmọ ẹlòmíì lórí, tàbí, bó bá jẹ́ obìnrin, ó ti gboyún. Ìkẹrin ò sí.

Hidayat jẹ́ iṣẹ́ náà láàárín ọjà, nítorí ibẹ̀ ni ìyá ẹ̀ wà. Àwọn tó ń ta ata lọ́wọ́ ọ̀tún gbọ́, àwọn tó wà lọ́wọ́ òsì gbọ́. Àbẹ̀kẹ́ tajà tán, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀yìn ọjà, ó ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Hidayat ń búra, ó ń sunkún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí oyún. Ẹ̀rù tún wá ba Àbẹ̀kẹ́ jù, torí bí kò bá ti sí oyún, a jẹ́ pé olè ni. Bàbá Hidayat ń wa ọkọ̀ lọ Òkè Ọya, kò sí nílé, ni Àbẹ̀kẹ́ bá bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Mutolib, pé kó bá òun lọ bẹ̀bẹ̀. Mutolib yìí, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn nínú ẹbí. Bí ẹjọ́ bá ti wà ní tẹ́ṣàn tàbí lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù, òun ni wọ́n máa ń mú dání, torí ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọ yàrá àwọn tíṣà. Kí Aunty Clara tó ní ẹ káàárọ̀, Mutolib ti nà gbalaja sílẹ̀, agbádá ẹ̀ bo ilẹ̀ yàrá náà. Àbẹ̀kẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Mutolib ní kí àwọn tíṣà fojú àánú wo àwọn, ohunkóhun tó bá jí, àwọn á dá a padà, ohun tó bá fọ́, àwọn á tún un ṣe, kí wọ́n ṣáà má lé e. Hidayat dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tíṣà gbé orí sókè nínú ìwé wọn.

"A ti gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì," Àbẹ̀kẹ́ ní. "Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ dákun, kí ló wá ṣe?"

Ó sọ ọ́ lóhùn òkè. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ, àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Aunty Clara dìde. Ó ní kí wọ́n dìde, ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó mọ̀wé ni, ohun tí òun fẹ́ sọ fún wọn ò ju pé ó mọ̀wé lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín, ó bèèrè lọ́wọ́ Mutolib bóyá ó ti sùn tán. Ìgbà tí ọ̀kan rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rẹ́ ẹ. Mutolib gbọn agbádá ẹ̀, òun náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tún ìró ẹ̀ ró.

"Ṣé ohun tí ẹ torí ẹ̀ pè mí nìyẹn?"

Aunty Clara ní bẹ́ẹ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́ ní kó dáa. Ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí Aunty Clara fi máa wo ẹnu ọ̀nà, Hidayat ò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà ò wá. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Mùtíù, ọmọkùnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn ẹ̀, ló wá sọ fún Aunty Clara pé Hidayat ní òun ò tún wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn mọ́, torí wọ́n ti sọ ọ́ ní "Nọ́ọ̀sì" ní gbogbo kíláàsì. Mùtíù fi kún un pé Tòkunbọ̀ ti lọ bá ìyá ẹ̀ nínú ọjà, wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, ó sì jọ pé òun Mùtíù náà máa bá a lọ, òun àti bí ìdajì kíláàsì.

Ojú tíṣà náà wálẹ̀. Òun tó fẹ́ gba ọmọ kan sílẹ̀, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi tì í jáde, ìforúkọsílẹ̀ WAEC sì fẹ́ parí. Bí Hidayat bá lọ, ó lọ nìyẹn, kíláàsì náà á sì tẹ̀ lé e. Ó lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mejì, kò bá ẹnì kankan. Ó wá lọ sí Mile 12, àmọ́ ó lọ lásìkò tí kò yẹ kí àlejò lọ. Ọkọ̀ ń já ẹrù. Àwọn alábàárù ń sáré bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, wọ́n ń pariwo "hanya, hanya", kí ó yà lọ́nà. Wọ́n tì í síhìn-ín, wọ́n tì í sọ́hùn-ún, omi tòmátì fọ́n sí i láṣọ. Àbẹ̀kẹ́ rí i, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Aunty, bí ẹ máa ra ata, ẹ rà á. Bí ẹ ò ní rà, ẹ máa bọ̀."

Ó kúrò. Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà nítòsí ló fà á lápá, ó bi í léèrè pé ta ló ń wá bá aláta sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹrù ń wọlé. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, sánítéṣọ̀n ni, gbogbo ọjà á wà ní títì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tajà títí aago mẹ́wàá, kálukú á máa gbá ojú ìsọ̀ ẹ̀. "Ìgbà yẹn la máa ń ní etí," ìyá náà ní.

Lọ́jọ́bọ̀, Aunty Clara gbàyè lọ́wọ́ Ọ̀gá Ọládipúpọ̀, ó wọ ìró àtijọ́ kan, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Ẹ wo bí Mile 12 ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó yàtọ̀ pátápátá! Kò sí ariwo, ìgbálẹ̀ nìkan lèèyàn ń gbọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ gọ̀ǹgọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n ń wa ẹrẹ̀ àti ata jíjẹrà jáde. Hidayat wà níbẹ̀, ó ń pọn omi fún ìyá ẹ̀. Aunty Clara kí wọn, àwọn kan dáhùn, àwọn kan ò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó gbá ilẹ̀ títí ibi tí ìsọ̀ Àbẹ̀kẹ́ parí sí. Kò rọrùn fún un, ẹ gbọ́ o. Àgbà kì í bẹ ọmọdé ní gbangba nílẹ̀ wa. Àmọ́ gbangba ni wọ́n ti dójú ti ọmọ yìí, bí ó bá sì jẹ́ kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, ìtìjú yẹn á ṣì máa rìn kiri ọjà. Ó nàró.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Èmi ni tíṣà tó ránṣẹ́ pe Ìyá Hidayat. Ọmọ yìí ò jalè, kò lóyún, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àròkọ kan ló kọ, tí mi ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń kọ́ni. Mi ò sọ fún un torí wọ́n kọ́ mi pé a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀. Mo ṣì í ṣe. Hidayat, má bínú sí mi."

Ìyá alálùbọ́sà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Hidayat, o ò wá sọ fún wa pé àròkọ lo gbé lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n rín in títí, Àbẹ̀kẹ́ gan-an fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu kí wọ́n má rí i pé òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Hidayat kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́, ó ń wo tíṣà ẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Wọ́n wá fún Aunty Clara ní àpótí, ó jókòó. Ó ṣàlàyé fún Àbẹ̀kẹ́ pé ọdún yẹn gan-an làwọn yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn JAMB, lójú ara wọn, níbi tí kò ti sí pátákó Tòkunbọ̀. Ọmọ tó bá gbé èsì tí kì í ṣe tiẹ̀ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa tú. Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó gún ọ̀pá tó fi ń wa gọ́tà mọ́lẹ̀.

"Tòkunbọ̀ ní á yege gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹ ò rí i, ó rọrùn láti parọ́ níbẹ̀! Aunty Clara wolẹ̀.

"Mi ò lè ṣèlérí. Ó lè má yege. Àmọ́ èyí tó bá gbà níbẹ̀, tiẹ̀ ni."

Àbẹ̀kẹ́ gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, ó da omi sínú gọ́tà, ó dúró títí omi náà fi ṣàn lọ. Ó wá bi Hidayat pé kí ló rí sí i. Ọmọ náà kò tíì bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ gidi látọjọ́ Ajé yẹn.

"Mummy, mo fẹ́ dá a kọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí. Àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ ní òun ò lè parọ́ fún tíṣà: ọkọ̀ Òkè Ọya ò ní dúró de lẹ́sìn. Ọjọ́ tí ẹrù ò bá pọ̀, ọmọ á tètè lọ. Ọjọ́ tí ẹrù bá pọ̀, á dúró ti òun. Aunty Clara gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni kì bá ṣe?

Hidayat padà. Wọ́n pè é ní "Nọ́ọ̀sì" fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀. Mùtíù lọ bá Tòkunbọ̀, àwọn kan bá a lọ, àmọ́ àwọn tó dúró pọ̀ ju àwọn tó lọ, ó sì ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn, nínú ọyẹ́, nínú ooru, nínú òjò tó tún dé. Lóṣù karùn-ún, wọ́n jókòó kọ WAEC.

Èsì jáde lóṣù kẹjọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe dáadáa ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ó tó ká dúpẹ́, kò tíì tó ká jó. Hidayat gba kírẹ́díìtì nínú gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sì lé téńté. Gbogbo ẹ̀ ló gbà, àfi Ìṣirò. D7, tí kì í ṣe kírẹ́díìtì. Ìṣirò tó máa ń ṣáájú láàárọ̀, tí ẹrù kì í jẹ́ kó bá. Bó ṣe jẹ́ pé kò sí yunifásítì lọ́dún yẹn nìyẹn. Mùtíù ní tiẹ̀ gba kírẹ́díìtì mẹ́sàn-án, bàbá ẹ̀ ra kóòkì fún gbogbo àdúgbò. Tòkunbọ̀ gba iwájú ìsọ̀ Àbẹ̀kẹ́ kọjá, ó sì kí i ní ẹ kú ọjà, ó fa kíkí náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Mi ò ní tan yín pé ojú gbogbo àwọn tó lọ bá Tòkunbọ̀ ló rí màbo. WAEC dá èsì àwọn kan nínú wọn dúró. Mùtíù lọ síbi ìdánwò yunifásítì, ó jókòó, ó di bírò mú, kò sí ìdáhùn tó wá bá a. Àmọ́ ẹnì kan wọlé nínú wọn, ó wọlé o, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, Aunty Clara náà mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ó ti ní òun ò ṣèlérí, òótọ́ ni. Àmọ́ kò tíì sí ọmọ tó jẹ òótọ́ yó.

Ó gbìyànjú láti má lọ sí Mile 12. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò lè gbà á mọ́ra. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ, ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó bá Àbẹ̀kẹ́ lórí ìjókòó, kò gbálẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Aunty Clara kúnlẹ̀ kí i. Àbẹ̀kẹ́ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Àwọn àárọ̀ tí mo dá a dúró ti apẹ̀rẹ̀, àwọn ló jẹ Ìṣirò yẹn," ó ní. "Mo ti jókòó rò ó. Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo la tún máa kọ ọ́?"

"La" ló ní, kò ní "ló".

Wọ́n tún un kọ lóṣù kọkànlá, GCE. Láti ọjọ́ yẹn dé ọjọ́ ìdánwò, Hidayat ò fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ kan láàárọ̀. Ìyá ẹ̀ ń dá a já. Ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ jù, ìyá alálùbọ́sà á wá ràn án lọ́wọ́, á máa bú u pé torí àròkọ ni ẹ̀yìn fi fẹ́ kán òun. Hidayat ń lọ bá Ọ̀gá Ọládipúpọ̀ ní gbogbo àárọ̀, ó jókòó láàárín àwọn àbúrò tó wà ní SS3 tuntun. Ó gba C6, kírẹ́díìtì ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ JAMB, ó kọ ìdánwò yunifásítì fúnra ẹ̀, ó sì wọlé.

Ó ti wọ ọdún kejì níbẹ̀ báyìí tí mò ń kọ èyí, lọ́dún 2009. Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ kan ti ń dùn ún, apẹ̀rẹ̀ ló ṣe é, kì í sì í fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ gbọ́. Òrùlé kíláàsì SS3 ṣì ń jò. Bẹ́ǹṣì ò tíì pé. Tòkunbọ̀ ti kó lọ sí ilé tó tóbi sí i. Ọdọọdún ni kíláàsì Aunty Clara ṣì ń dín kù kí WAEC tó dé, ọdọọdún ló sì ń bá àwọn tó kù ṣe é. Àmọ́ kò tún fi ọmọ ránṣẹ́ pe òbí kankan mọ́. Òun ló ń lọ bá wọn.

Bí ẹ bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ẹ má gbà mí gbọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ èyíkéyìí nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ sọ̀ sí Mile 12, ẹ bèèrè ìlà àwọn aláta. Ẹ máa bá obìnrin kan níbẹ̀ tó wọ ìró àtijọ́, tó jókòó lórí àpótí láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, tó ń pe orúkọ ọmọ wọn níkọ̀ọ̀kan, tó sì ń sọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, lójú ọmọ náà. Ẹ rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa wo ojú àwọn ọmọ yẹn.